Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin mi máa ń kọjá tésàn?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tankẹ̀ ní Ìlọrin ni mo wà. Orí láàpútọ́ọ̀pù ni mo ti ń wa ọkọ̀ ojú irin oní-sítíìmù, géèmù Open Rails ni mò ń lò. Bí mo bá fẹ́ dúró ní tésàn, bí mi ò bá kọjá a, mo máa dúró kí n tó débẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, bíréèkì máa ń mú dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, tó bá yá kò ní mú mọ́, eré á wá máa pọ̀ sí i. Bí mo bá tún fẹ́ gbéra, kẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnì á kàn máa yí lójú kan. Kí ni mò ń ṣì ṣe?"

Àbúrò mi, o káre tó o to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ohun mẹ́ta lo kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní: ò ń wa ọkọ̀ ojú irin bí ẹni ń gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà lè rí gálọ́ọ̀pù tán kó tó tẹ bíréèkì, kó sì ríbi dúró. Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 300 kò mọ ìyẹn. Ohun tó o fọwọ́ ṣe báyìí, iwájú ló máa tó hàn, nítorí náà ibi tí ọkọ̀ máa wà láìpẹ́ ni kí ojú rẹ máa wò, kì í ṣe ibi tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Kọ́kọ́ mọ irú bíréèkì tó wà lára ọkọ̀ tó ò ń wà, torí oríṣi méjì ló gbòde láyé sítíìmù. Ọ̀kan ń lo afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ sínú páìpù. George Westinghouse ará Amẹ́ríkà ló ṣe irú rẹ̀ tó ń di fúnra rẹ̀ jáde ní 1872. Èkejì ni fákúọ̀mù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò jù: ṣe ni wọ́n máa ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, bí ìgbà téèyàn bá ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò pẹ̀lú sítúrọ́ọ̀. Àwọn méjèèjì jọra níbì kan, ibẹ̀ ló sì ń da orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú. Bí ọwọ́ géèjì bá ga, bíréèkì ti tú. Bó bá wálẹ̀, bíréèkì ti di. Fákúọ̀mù tó pé máa ń wà ní íǹṣì 21 lórí géèjì, odo sì ni bíréèkì tó di pátápátá. Ti afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń fi psi tàbí báà wọn agbára rẹ̀, ọkọ̀ èrò Amẹ́ríkà láyé sítíìmù máa ń lo 90 sí 110 psi, ọkọ̀ ẹrù máa ń lo 70, ti Yúróòpù sì jẹ́ báà 5. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyẹn ni pé bí páìpù bá já tàbí tí kóòṣì kan bá ré kúrò lẹ́yìn, bíréèkì á di fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án.

Nínú Open Rails, àmì ' ló ń di bíréèkì ọkọ̀ lódindi, àmì ; ló ń tú u. D ń ṣí régúlétọ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí sítíìmù ń gbà lọ sí sìlíńdà, A ń tì í. W àti S wà fún rìfásà, ìyẹn ohun tó ń pinnu bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn ni ọkọ̀ máa lọ, àti bí sítíìmù ṣe máa pẹ́ tó tó ń wọ sìlíńdà. Tẹ F5, kó o lè rí ohun tó wà nínú páìpù, nínú sìlíńdà bíréèkì, àti bí ilẹ̀ ṣe dagun tó. Má ṣe tijú láti fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tó o ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ojú àti etí á rọ́pò rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Jẹ́ ká wá sórí tésàn tó ò ń kọjá. Bíréèkì tó dáa fún ọkọ̀ èrò, tí ẹni tó jókòó kò ní forí sọ àga iwájú, máa ń dín eré kù ní nǹkan bíi kìlómítà 1.08 láàárín wákàtí fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó o bá ń sá 60, ó máa gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 56 kó o tó dúró. Ní ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú, wàá ti rìn tó mítà 463 láàárín ìgbà yẹn, ìyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí wọ́n tò síra lọ. Bó bá jẹ́ 30 lò ń sá, mítà 116 péré ni. Bó bá jẹ́ 15, mítà 29. Wò ó dáadáa: eré di ìdajì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí ni irinṣẹ́ tó lágbára jù tí mo lè fi lé ọ lọ́wọ́, torí ó máa jẹ́ kó o mọ̀ láàárín ọ̀nà bóyá wàá dé ibi tó o fẹ́. Bó o bá ku mítà 116 sí àmì ìdúró tí eré rẹ sì jẹ́ 40, wàá kọjá àfi tó o bá fi bíréèkì kún un. Bó bá jẹ́ 20, tú u díẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn.

Bíréèkì kì í mú lójú ẹsẹ̀ tó o bá fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rìn nínú páìpù láti iwájú dé kóòṣì ìkẹyìn, sìlíńdà bíréèkì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ kún. Ká sọ pé ìyẹn gba ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ní eré 60, o ti rìn mítà 83 lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, nǹkan bíi mítà 550 sí tésàn ló yẹ kí ọwọ́ rẹ ti kan bíréèkì, kì í ṣe ìgbà tó o bá rí pèpéle tésàn. Régúlétọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà ní títì ṣáájú ìyẹn, kó tó kìlómítà kan sí tésàn. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ló máa ń di bíréèkì nígbà tí sítíìmù ṣì ń ti ọkọ̀ síwájú. Ó dà bí ẹni tó ń da omi sínú agbè tó tún ń jò nísàlẹ̀.

Ilẹ̀ tó dagun máa ń yí ìṣirò yìí padà. Bí ojú irin bá ń fi mítà 1 wálẹ̀ nínú mítà 100, bíréèkì tó dá ọ dúró ní mítà 463 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú máa gba nǹkan bíi mítà 690. Bó bá ń gun òkè lọ́nà kan náà, kò ní kọjá nǹkan bíi mítà 350. Ìdí nìyẹn tí tésàn kan fi máa ń ṣe ọ́ bíi pé ó sún síwájú, tí òmíràn sì ń dúró dè ọ́. Ka ìdàgẹ̀rẹ́ náà lórí F5 kó o tó débẹ̀.

Dídúró kó o tó dé tésàn ní ìdí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Irin dídà ni wọ́n fi ṣe bíréèkì ayé sítíìmù, ara kẹ̀kẹ́ gan-an ló ti máa ń fún mọ́. Bí eré bá pọ̀, irin dídà yìí máa ń yọ̀. Bí eré bá ti ń dín kù, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá mú. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bíréèkì kan náà tó o fi sílẹ̀ láìyí padà, ó máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó o bá kù díẹ̀ kó o dúró. Géèmù tó bá ṣe àfarawé rẹ̀ dáadáa máa gbé èyí jáde. Bó o bá wá mú bíréèkì kan láti 60 dé odo, ọkọ̀ á jálẹ̀ gbì, mítà 30 tàbí 40 á sì kù níwájú. Fi bíréèkì tó tóbi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré pọ̀, kó o sì máa dín in kù bí eré ti ń dín kù. Nígbà tó bá ku mítà bíi 3 kó o dúró, ó yẹ kí bíréèkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán, kí ọkọ̀ èrò lè jókòó wọ́ọ́rọ́.

Lórí fákúọ̀mù, èyí rọrùn. Bó o bá wálẹ̀ láti 21 sí 10, o lè gbé e padà sí 14, lẹ́yìn náà 17, bíréèkì á sì máa rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀pọ̀ bíréèkì afẹ́fẹ́ ti Amẹ́ríkà kò gbà fún ìyẹn: bó o bá ti ní kó tú, gbogbo rẹ̀ ló máa tú. (Open Rails ní ibì kan nínú ètò rẹ̀ tó o ti lè yàn kó máa tú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí ní tòótọ́, tẹ̀ lé bí ọkọ̀ náà ṣe rí níbi tó ti wá.) Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ń di tirẹ̀ láti wọ tésàn. Àkọ́kọ́ á lágbára, títí eré á fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 25 tàbí 30. Wàá tú u pátápátá. Lẹ́yìn náà wàá fi díẹ̀, bíi 6 tàbí 7 psi, parí rẹ̀.

Ọkọ̀ ẹrù gígùn yàtọ̀ o. Bí eré bá ti kéré, má ṣe tú bíréèkì kó tó dúró jẹ́ẹ́. Iwájú máa kọ́kọ́ tú nígbà tí ẹ̀yìn ṣì dì, gbogbo ìkọ́ tó so wágọ́nù pọ̀ á sì fà gbàgà. Ìkọ́ tó já ní àárín ọ̀nà, ibẹ̀ ni eré ọjọ́ náà parí sí.

Nísinsìnyí, ìsọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ pé bíréèkì mú lákọ̀ọ́kọ́ tó wá kọ̀, bíréèkì afẹ́fẹ́ ló ń júwe yẹn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé o ti ná afẹ́fẹ́ rẹ tán. Abẹ́ wágọ́nù kọ̀ọ̀kan ní táńkì kékeré kan. Afẹ́fẹ́ inú táńkì yìí ló ń ti bíréèkì, kì í ṣe ti páìpù. Páìpù kàn ń sọ fún un pé ó yá ni. Bí páìpù bá fi 1 psi dín kù, sìlíńdà bíréèkì á gba nǹkan bíi 2.5 psi. Ká sọ pé o wálẹ̀ láti 90 sí 80: sìlíńdà á ní 25 psi, ọkọ̀ á sì gbọ́ràn. O wá tú u. Géèjì iwájú sáré padà sí 90, inú rẹ dùn. Ṣùgbọ́n táńkì abẹ́ wágọ́nù kì í yára kún bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó lè ṣì wà ní 84. Bó o bá tún wálẹ̀ sí 80, psi 4 péré lo dín nínú ohun tí táńkì ní, nítorí náà 10 psi ni sìlíńdà máa rí dípò 25. O tún tú u, o tún dì í, díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ó dà bíi táńkì omi orí òkè ilé tí ẹ ń já omi rẹ̀ láìdúró kí ẹ̀rọ tún un fà: ẹnu ẹ̀rọ ṣì ń ṣí, omi tó ń bọ̀ ni kò tó nǹkan.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí. Kó o tó gun orí òkè náà tán ni kó o ti dín eré kù, kí eré tó o fi bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ kéré sí èyí tó o fẹ́ máa sá nísàlẹ̀. Di bíréèkì díẹ̀ kí ọkọ̀ tó kó sínú ìdàgẹ̀rẹ́, bíi 6 psi, kí ó ti wà nílẹ̀. Fi 2 tàbí 3 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí eré á fi dúró lójú kan, kó o sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má máa tú u kó o tún máa dì í lemọ́lemọ́. Bó bá di dandan kó o tú u, jẹ́ kí eré wálẹ̀ dáadáa ná, kó o lè ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí táńkì fi kún kí eré tó padà ga. Mọ̀ pẹ̀lú pé òpin wà. Láti 90, bó o bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi 64, táńkì àti sìlíńdà ti dọ́gba. Bó o fi 20 mìíràn kún un, bíréèkì kò ní le ju bẹ́ẹ̀ lọ, o kàn ń sọ gígùn àkókò tó máa gbà láti kún padà di púpọ̀ ni. Láti 70, 50 ni òpin yẹn.

Má fi bíréèkì ẹ́ńjìnì nìkan sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wágọ́nù á kó ti ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á gbóná tàbí kó dì kó máa wọ́ lórí irin, apá kan rẹ̀ á sì jẹ pẹlẹbẹ. Má sì fi rìfásà sí ẹ̀yìn láti dá ọkọ̀ dúró nígbà tó ń sáré síwájú. Sìlíńdà á máa fa èéfín àti eérú gbígbóná láti iwájú bọ́ílà wọlé, ó sì máa bà á jẹ́.

Ibi tí ọkọ̀ oní-sítíìmù ti yàtọ̀ pátápátá sí ti dísẹ́ẹ̀lì ni pé iná ló ń bọ́ bíréèkì. Sítíìmù ló ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù fákúọ̀mù. Sítíìmù náà ló ń wa ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú bíréèkì Westinghouse. Bó o bá jẹ́ kí iná kú nígbà tó ò ń sọ̀kalẹ̀ torí pé o kò nílò agbára, bíréèkì máa jìyà rẹ̀. Ti fákúọ̀mù, o kò ní rí íǹṣì 21 kó jọ mọ́, bíréèkì á máa fà ọ́ lẹ́yìn wúruwùru. Ti afẹ́fẹ́, táńkì kò ní kún. Jẹ́ kí fáyámáànì kọ̀ǹpútà máa bá ọ dáná lákọ̀ọ́kọ́, kó o lè fi ojú sí ohun kan. Bó o bá ti lè dúró ní tésàn mẹ́ta léraléra láìkọjá, tẹ Ctrl àti F pọ̀, kó o gba ṣọ́bìrì èédú lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi náà ń gbọ́ bíréèkì. Bọ́ílà jẹ́ àgbá gígùn tó dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ààrò wà, ẹ̀yìn náà ni dígí omi wà. Ronú nípa báàfù omi tí wọ́n gbé sẹ́yìn Màrúwá: bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, omi á ya síwájú. Bọ́ílà kò yàtọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè tí o tún di bíréèkì, omi á sá kúrò lórí òrùlé ààrò. Bí òrùlé yẹn bá yọ lórí omi, òjé tí wọ́n fi dí ihò rẹ̀ á yọ́, sítíìmù á ya lu iná, ọkọ̀ rẹ parí. Bó o bá ń gun òkè, dígí yẹn ń tàn ọ́ jẹ: omi ti kó sẹ́yìn, ohun tó ń fi hàn pọ̀ ju ohun tó wà lọ. Nítorí náà, kó o tó dé orí òkè, rí i pé omi ti kọjá ìdajì dígí dáadáa. Ṣùgbọ́n má kún un dé ẹnu, torí omi tó bá bá sítíìmù wọ sìlíńdà kì í ṣeé fún pọ̀, ó lè fọ́ ọ.

Nígbà tó o bá ti régúlétọ̀, sún rìfásà sí nǹkan bíi 40 tàbí 45 nínú ọgọ́rùn-ún kí písítìnì lè máa lọ láìfa èéfín. Ṣí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná kó o tó tì í. Sítíìmù tó ń jáde ní símínì ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná; bó bá dáwọ́ dúró lójijì, pàápàá nínú ihò abẹ́ òkè, iná lè yọ sẹ́yìn bá dírẹ́bà.

Fún ìdánrawò, wá ọ̀nà irin tóóró, irú ti tiwa tó gba Ọ̀fà wọ Ìlọrin, tó sì dé Jẹ́bbà ní 1909. Mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Eré ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, kọ́nà rẹ̀ pọ̀, tésàn rẹ̀ sì sún mọ́ra, kò sí ibòmíràn tó dára tó bẹ́ẹ̀ fún ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bíréèkì. Mú kóòṣì 4 péré. Dúró ní tésàn kan náà nígbà mẹ́wàá láti eré 40, kó o tó lọ sí 60.

Gbígbéra ló kù, kò gùn. Kẹ̀kẹ́ tó ń yí lójú kan, agbára tó o fún un ló ju bó ṣe lè di irin mú lọ. Bí tọ́ọ̀nù 60 bá wà lórí àwọn kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń yí, nǹkan bíi 15 ló lè fi fà lórí irin gbígbẹ, tí òjò bá sì rọ̀ á tún dín kù. Fi rìfásà sí nǹkan bíi 75. Tẹ C kí omi tó ti tutù nínú sìlíńdà lè jáde. Ṣí régúlétọ̀ díẹ̀, kó o dúró kí ìkọ́ nà tán, kó o tó fi kún un. Bó bá yọ̀, tì í lójú ẹsẹ̀, má tẹ X fún yanrìn nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí kíkankíkan, torí yóò mú un lójijì, ó lè ṣẹ́ ọ̀pá. Jẹ́ kó kọ́kọ́ dákẹ́, da yanrìn, kó o tún ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí eré bá dé 20, fa rìfásà wálẹ̀ sí 50. Ní 40, sí 35. Lẹ́yìn náà 25, kó o sì jẹ́ kí régúlétọ̀ ṣí dáadáa. Ẹ́ńjìnì oní-sìlíńdà méjì máa ń mí lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí èémí yẹn bá ń le koko tó ń dún bí ìbọn, rìfásà ṣì ga jù, omi àti èédú lò ń fi ṣòfò.

Ṣáájú gbogbo èyí, wo géèjì bíréèkì. Nígbà púpọ̀ tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kẹ̀kẹ́ sì ń yí lójú kan, bíréèkì kóòṣì ẹ̀yìn ni kò tíì tú. Bí fákúọ̀mù kò bá tíì pé 21, má tíì fọn fèrè.